Agogo Tí Kò Dún Lọ́jọ́ Ìkórè

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi: òmùgọ̀ ni mí. Mo ti sọ ọ́ tán, ẹ wá lè fara balẹ̀ ka ìyókù.

Albert lorúkọ mi. Springfield Gardens ni èmi àti Adétọ́lá ìyàwó mi ń gbé ní New York, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí òrùlé débi pé ènìyàn gbọ́dọ̀ dákẹ́ díẹ̀ kó tó lè parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú yẹn náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń fi kẹ̀kẹ́ ti àwọn tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà bàálù wọn. Ọmọ wa kan ṣoṣo, Olúwapẹ̀lúmi, ti lọ sí yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ títì ni mo kọ́ o. Iṣẹ́ irin ni mo kọ́ n'Íbàdàn, mo sì fi ṣiṣẹ́ jẹun n'Íkẹjà. Nígbà náà, bí ẹ bá gbé irin wá bá mi, ohun tí ẹ bá fẹ́ ni màá sọ ọ́ dà. Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, irin tí ọwọ́ mi ń kàn kò ju bírékì kẹ̀kẹ́ arúgbó lọ. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí gan-an.

Adétọ́lá náà ní tirẹ̀. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló ń ṣe, ó ti gbé wọn sókè gbé wọn sílẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń dá a lóró. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni láísẹ́ǹsì tí yóò fi lè máa tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké nínú ilé tiwa. Ó ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti yege ìdánwò rẹ̀, ó sì ti ra àwọn àga kékeré tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Ó kù kí ìjọba rán ẹni tí yóò wá wo ilé.

Jubril ló kó bá mi. Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ojúkòkòrò mi ló kó bá mi, Jubril kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni.

A jọ ṣiṣẹ́ rí ní pápákọ̀ òfurufú kó tó kó lọ sí ìgbèríko kan ní Pennsylvania. Mo lọ kí i kú ọdún Iléyá. Nígbà tí a jẹ ẹran tán, ó mú mi lọ sí gáréèjì ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré kan hàn mí, èyí tí wọ́n fi ń gé irin, tí àwa tí a mọ iṣẹ́ náà ń pè ní mílì. Èyí tí mo lò n'Íkẹjà tóbi tó ilé adìyẹ. Tirẹ̀ yìí kò ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ, ó jókòó sórí tábìlì, ó ń dán.

Ìbọn ìléwọ́ ni Jubril ń fi í ṣe. Ó ń ṣe é bí àwọn mìíràn ti ń gbin tòmátò sẹ́yìn ilé. Òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ máa ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé, kálukú á gbé tirẹ̀ wá, wọ́n á máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n á máa mu mọ́ọ̀tì. Ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe jókòó sí yín lọ́wọ́," ó wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fẹ́ràn ìbọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ló wọ̀ mí lójú. Etí irin náà mú dáadáa, ojú rẹ̀ tẹ́jú, ibi tó yẹ kó wọnú ara wọn wọnú ara wọn. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Jubril rí ojú mi, ó sì kìlọ̀ fún mi. "Ẹ má dán an wò ní New York o, òfin ibẹ̀ kò gbà á bíi ti ibí. Those people will finish you. Tó bá ń wù yín, ẹ kó wá síbí." Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kí oṣù tó parí, mo ti ra mílì tèmi.

Mo gbé e sí yàrá abẹ́ ilé wa. Mo sọ fún ara mi pé mi ò ní parí ìbọn náà, pé ara rẹ̀ lásán ni màá gbẹ́, pé mi ò ní ra ọta, pé kò ní lè yìn láéláé. Mo ní irin ni irin ń jẹ́. Bí ènìyàn bá ń purọ́ fún ara rẹ̀, òun náà ni ẹlẹ́rìí, òun náà ni adájọ́, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi.

Ayọ̀ tí mo ní nínú yàrá yẹn, mi ò lè ròyìn rẹ̀ tán. Èéfín òróró tó ń jóná, irin wẹ́wẹ́ tó ń fò, ariwo ẹ̀rọ. Mo ń kọrin. Ohun tó wà níwájú mi kọ́kọ́ dà bí ọwọ́ ìkòkò, ó wá dà bí ìdí áyọ́ọ̀nù, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ohun tó ń jẹ́.

Ọjọ́ tó ń jọ bẹ́ẹ̀ ni Adétọ́lá sọ̀kalẹ̀ wá. Mo fa àkísà sútánà kan, mo fi bò ó, àmọ́ ìdí rẹ̀ yọ síta.

"Bàbá Pẹ̀lúmi, kí lẹ ń ṣe níbí?"

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Ní ìjọ wa, láìsí agogo ọwọ́, àdúrà kò tíì bẹ̀rẹ̀, agogo tiwa sì ti sán láti Àjíǹde, ó ń dún bí ìgbà tí màlúù bá ń wúkọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni, "Agogo ni. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì."

Adétọ́lá kò wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó kúnlẹ̀ sínú irin wẹ́wẹ́ yẹn, ó ní Ọlọ́run ṣeun, ẹ̀bùn tó ti ń sùn nínú ọkọ òun ti jí. Kí n tó gbé e dìde, omijé ti wà lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òtítọ́. Mo ní kó rọra, kí irin má gún un lórúnkún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Wòlíì wa, Bàbá Kànmí, pè mí síwájú. Ó ní Ọlọ́run ti gbé Bésálẹ́lì dìde láàárín wa, ẹni tó fi idẹ àti wúrà ṣe ohun èlò àgọ́ nínú Bíbélì. Wọ́n gbé mi kúrò níbi tí mo máa ń jókòó sí lẹ́yìn, níbi tí mo ti ń rí ojú sùn, wọ́n gbé mi sí ìlà iwájú. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pè mí ní Bùrọ́dà Albert mọ́. Bésálẹ́lì ni mo di.

Wọ́n wá ń bèèrè agogo. Ẹgbẹ́ akọrin fẹ́, ẹgbẹ́ àwọn ìyá fẹ́, ẹ̀ka wa tó wà ní Jamaica, àdúgbò kan níbí ní New York, náà fẹ́.

Mo gbìyànjú. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ ń dún bí ìgbà tí ṣíbí bá bọ́ sínú ìkòkò ẹ̀wà. Dídà ni wọ́n ń da agogo, wọn kì í gé e, gbogbo ẹni tó mọ irin ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ojú tì mí tán, mo lọ sí Flatbush, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àbẹ́là àti tùràrí, mo ra agogo níbẹ̀, mo gbé wọn wálé, mo fi mílì ha orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kúrò. Ẹ wo oníṣẹ́ irin! Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ mi ń ṣe ni pé ó ń pa orúkọ oníṣẹ́ rẹ́.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin yọjú wo inú tirẹ̀, ó rí "India" níbẹ̀, ó bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní orúkọ irú irin tó dára jù lọ ni. Lọ́sẹ̀ kejì, ó dìde jẹ́rìí nínú ìjọ pé Ọlọ́run fi India ta òun lọ́rẹ.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìbọn náà ń dára sí i. Mo máa ń tú aṣọ rẹ̀, màá wò ó, màá nù ún, màá tún wé e padà, màá gbé e sábẹ́ tábìlì. Ẹ̀rù ń bà mí, ó sì ń dùn mọ́ mi. Kò sí ohun tí mo ti ṣe ní Amẹ́ríkà tó dára tó o.

Obìnrin tí ìjọba rán láti wo ilé dé. Ó wo ilé ìdáná, ó wo ilé ìwẹ̀, ó fọwọ́ kan àwọn àga kékeré. Ó sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, ó bèèrè ohun tí ẹ̀rọ náà wà fún. Adétọ́lá sọ fún un pẹ̀lú ìgbéraga pé ọkọ òun ló ń ṣe agogo fún ìjọ Ọlọ́run, ó sì fún un ní ọ̀kan kó mì í. Obìnrin náà mì í, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí a ṣáà máa ti yàrá náà pa.

Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá ìbọn kankan wà nínú ilé.

Adétọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Ìbọn kẹ̀? This man? Tí wọ́n bá ń yin báńgà ọdún July Fourth, inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló máa ń sá sí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin òǹkàwé. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́, ohun tí wọ́n ń bèèrè sì wà lábẹ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Láísẹ́ǹsì náà jáde ní ọ̀sẹ̀ Ìkórè. Adétọ́lá jó yí ilé ìdáná ká. Ó ní ọpẹ́ òun di méjì: ti láísẹ́ǹsì, àti ti iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ òun. Mo pinnu nínú ọkàn mi pé bí Ìkórè bá ti kọjá, màá gé ohun náà wẹ́wẹ́. Mo ti pinnu bẹ́ẹ̀ rí kí obìnrin yẹn tó wá. Mo tún pinnu bẹ́ẹ̀ nígbà tó lọ.

Ní ìjọ wa, lọ́jọ́ Ìkórè, kálukú ló ń gbé àkọ́so iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ. Ẹni tó ń ránṣọ á gbé aṣọ tó kọ́kọ́ rán wá. Wòlíì á di ojú rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀, kó má baà fi ojú wọn ẹ̀bùn tálákà mọ́ ti olówó. Mo nu agogo Flatbush kan títí ó fi ń dán, mo gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, mo sọ fún Adétọ́lá pé kó bá mi gbé e dání, nítorí pé ibi iṣẹ́ ni màá ti wá.

Nígbà tí mo dé, tí mo wọ sútánà, tí mo bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti tò lọ sí pẹpẹ. Mo rí Adétọ́lá ní iwájú. Ó gbé nǹkan mọ́ àyà, wọ́n fi àkísà sútánà wé e.

Mo fi èjìká gba àárín àwọn ènìyàn kọjá, mo bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ló gbé dání. Ó ní àkọ́so ni. Mo ní èyí tí mo gbé sórí tábìlì ńkọ́?

"Bàbá Pẹ̀lúmi, ìyẹn kì í ṣe àkọ́so," ó wí. "Ẹ ti ṣe agogo tó pọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn. Èyí tí mo kọ́kọ́ bá lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà, òun ni mo lọ gbé. Mi ò tú u wò. Ohun Ọlọ́run ni."

Mo di ohun náà mú. Òun náà di í mú. Mo fà á, ó fà á. Àwọn ènìyàn rò pé à ń du ẹni tí yóò gbé ọrẹ Ọlọ́run ni. Ìyá Ìjọ rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní kí a jọ gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ṣe jọ gbé ìbọn lọ síwájú pẹpẹ, tí gbogbo ìjọ sì ń kọrin tẹ̀lé wa.

Wòlíì gbọ́ pé Bésálẹ́lì ló dé. Ó ní kí orin dákẹ́. Ó ní kí gbogbo ìjọ gbọ́ ohùn àkọ́so yìí. Ojú rẹ̀ dì pa, ó tú aṣọ náà, ó mú un níbi tó yẹ kí ènìyàn ti mú un, ó gbé e sókè, ó mì í.

Kò dún.

Ó tún mì í. Àwọn atọ́nisọ́nà tó wà ní iwájú wò ó dáadáa, wọ́n sì dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá gbọ́ bí wọ́n ti ń ṣubú. Ní ìjọ wa, bí ènìyàn bá ṣubú níwájú pẹpẹ, Ẹ̀mí ló gbé e. Bàbá kígbe Halelúyà, ó kọjú sí apá ọ̀tún, ó mì í síbẹ̀. Apá ọ̀tún lọ sílẹ̀. Ó kọjú sí apá òsì, apá òsì lọ sílẹ̀. Ẹni tó ń tẹ dùùrù wọ abẹ́ dùùrù. Bàbá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbàdúrà kí agbára bẹ́ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ìjọ yìí, ó ń sunkún ayọ̀, ó ń mì í lọ.

Adétọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà di ojú, ó ń ṣe àmín.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dìde. Sister Christina ni, òṣìṣẹ́ aláàbò ní ilé ẹjọ́ ni ní Queens, ìbọn wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó rìn bọ̀ láàárín àwọn tó dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mì í mọ́. Ẹ rọra gbé e lé orí aṣọ yẹn."

Wòlíì la ojú. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ìjọ rẹ̀ tó sùn sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ó bèèrè pẹ̀lú ohùn kékeré pé, "Agogo dà?"

Christina gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kí àwọn ènìyàn dìde. Ẹnikẹ́ni kò dìde. Ó wá bèèrè ẹni tó gbé e wá.

Adétọ́lá kò tíì la ojú. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwa ni," ó wí. "Ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é."

Lẹ́yìn náà ló la ojú. Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ Christina. Ojú mi ló yí sí.

"Lọ́jọ́ tí obìnrin yẹn wá," ó bi mí, "ó wà nínú ilé?"

Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kó ọwọ́ lé itan. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Christina ní òun ò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i, iṣẹ́ òun kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá dé, wọ́n mú mi lọ pẹ̀lú sútánà àti ẹsẹ̀ lásán, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ilé ìwòsàn ni mo ti sá jáde. Mi ò ní fi ẹjọ́ náà dà yín láàmú. Wọ́n kó ẹ̀rọ mi lọ, iṣẹ́ mi lọ, àmọ́ nítorí pé mi ò rú òfin rí, adájọ́ kò rán mi lẹ́wọ̀n. Nínú ìjọ, àwọn ènìyàn ń dá agogo padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ní India fi aṣọ wé tirẹ̀, ó gbé e sí ìta, ó ń bèèrè lọ́wọ́ Christina bóyá ó lè yìn.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ìkórè, nígbà tí wọ́n ti ní kí n máa ti ilé wá jẹ́jọ́, Adétọ́lá gbé fóònù, ó pe obìnrin tó wá wo ilé wa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Mo ní lọ́yà sọ pé kò sí ẹni tó tíì bi í léèrè.

Ó ní, "Wọ́n ti bi mí. Mo sì ti dá wọn lóhùn."

Obìnrin náà gba láísẹ́ǹsì náà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó ní bí ọkùnrin tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣì ń gbé nínú ilé, àwọn kò lè kó ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀. Bí ọkùnrin náà kò bá gbé ibẹ̀ mọ́, kí Adétọ́lá tún wá gbà á.

Adétọ́lá ròyìn rẹ̀ fún mi bó ṣe gbọ́ ọ, ó ń ká aṣọ lọ́wọ́. Kò ní kí n lọ. Ó se ìrẹsì, ó bu tèmi, ó ní kí n jẹun. Mo jẹun tán, mo lọ wá yàrá sí àdúgbò Jamaica. Nígbà tí mo ń di ẹrù, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bèèrè bóyá mo fẹ́ kúbùsù tó nípọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ohun tí ẹ kò bá lè gbé jáde níwájú ìyàwó yín, ẹ má gbé e wọlé. Ẹ má sì sọ pé ẹ kò ní parí rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tí nǹkan bá parí ló ń ba ilé jẹ́.

Adétọ́lá ti gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ padà báyìí, ilé náà kún fún ọmọ. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ kí i, lẹ́yìn tí ọmọ tó kẹ́yìn bá ti lọ. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Aisha pẹ́ kó tó dé. Òtútù mú, mo dúró ní òdì kejì títì, mo kó ọwọ́ sápò. Adétọ́lá àti ọmọ náà jáde sẹ́nu ọ̀nà láti máa wo ọ̀nà. Aisha nawọ́ sí mi, ó bi í pé kí ló dé tí bàbá yẹn kò lọ sí ilé rẹ̀.

Mo rò pé yóò ní òun kò mọ̀ mí. Adétọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa síìpù kóòtù ọmọ náà sókè.

"Ilé rẹ̀ nìyí," ó wí. "Ó ń dúró kí ìwọ kọ́kọ́ lọ sí tìrẹ ni."